Ayọ̀ Kì í Ṣe Ayò

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ń ṣe géèmù orí fóònù, àwòrán aláràbarà àti ariwo ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àwòrán kọ́ ni gbòǹgbò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àkójọ àwọn tó ń ṣeré: orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, ọ̀rọ̀ aṣínà wọn tí a ti yí padà kí ẹnikẹ́ni má baà lè kà á, ẹyọ owó inú eré tí wọ́n ti kó jọ, àti ibi tí wọ́n bá eré dé. Bí àwòrán bá bàjẹ́, a ó ya òmíràn. Bí àkójọ yìí bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn mọ́ pé òun ló ni ohun tó ní.

Eré ayò ni tiwa. Ọpọ́n oníhò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ta á lábẹ́ igi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó wà ní Ìkọ̀lé lè bá ẹni tó wà ní Ìdó ta á láì dìde lórí àga. Àwa mẹ́rin ni à ń ṣe é ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, lábẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi jáde ní ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní ọgbà Ìkọ̀lé ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀, Ọyẹ́-Èkìtì. Ọdún 2011 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, ọgbà rẹ̀ kan wà ní Ọyẹ́, èkejì wà ní Ìkọ̀lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì ló kọ́kọ́ gbé eré wa kiri. Wọ́n gbé e dé Ìfàkì, wọ́n gbé e dé Ìdó, dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì. Kí á tó dé, àwọn ará Èkó ti lànà: Maliyo Games àti Gamsole, ọdún 2012 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, àwọn ló sì fi hàn wá pé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe géèmù kí ayé gbà á.

Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni àkójọ orúkọ. Èmi ni olùtọ́jú rẹ̀.

Títí di ìparí ọdún 2023, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà, nínú yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì wa. Bátìrì ìnfátà wà lábẹ́ tábìlì, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, bọ̀dá kan tó mọ iṣẹ́ iná sì wà tí a ń sanwó fún láti máa mójú tó gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ apá àríwá Èkìtì kò ní í béèrè ìdí. Iná mànàmáná lọ́dọ̀ wa dà bí àlejò tí kì í sọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀, tí kì í sì í dágbére bí ó bá ń lọ. Bí ó bá di aago méjì òru tí ìnfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, fóònù mi ni yóò dún. Ọkọ mi ti mọ ohùn bọ̀dá náà ju ohùn àwọn àna rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, MySQL 5.7, ìyẹn ẹ̀yà ètò tí àkójọ wa ń lò, pé ọjọ́ tí àwọn tó ṣe é kò ní í tún un ṣe mọ́. Ẹ̀gbọ́n pè wá jọ, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká kó o lọ sí kíláòdù. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Kíláòdù kì í ṣe ojú ọ̀run. Ilé ńlá ni, tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ó ní iná tirẹ̀, ẹ̀rọ amútútù tirẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, tí ènìyàn sì ń sanwó fún ìwọ̀n àyè tó bá lò níbẹ̀. Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í yá ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lọ́nà yìí ní ọdún 2006, Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n sì ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó bí i. Inú mi máa ń dùn láti sọ èyí fún àwọn tó gbà pé láti òkè òkun nìkan ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní ọdún 2009, wọ́n fi ìpele mìíràn kún un: yàtọ̀ sí pé wọ́n ń yá ni ní kọ̀ǹpútà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ni tọ́jú dátábéèsì fúnra rẹ̀. Àwọn ni yóò máa wo iná, àwọn ni yóò máa pààrọ̀ díìsìkì tó bá kú, àwọn ni yóò máa da ẹ̀dà rẹ̀ kọ lójoojúmọ́, tí yóò sì máa fi àtúnṣe sí i bí ihò bá wà tí olè lè gbà wọlé.

Nígbà tí mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀rọ̀. “Àgbàsìn nìyẹn,” ni wọ́n wí.

N kò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ewúrẹ́ tí kò ní ọgbà, yóò gbé e fún ẹlòmíràn bá a sìn. Alágbàsìn ni yóò máa fún un ní èèpo iṣu, tí yóò máa ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ewúrẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ àmì ara rẹ̀. Bí ó bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò lè dá a mọ̀ láàárín ọ̀wọ́, ẹjọ́ alágbàsìn kọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ géèmù tó ju tiwa lọ fíìfíì ti rìn ọ̀nà yìí. Zynga tó ṣe FarmVille ní ọdún 2009 lo kíláòdù Amazon, ó kúrò níbẹ̀, ó ná owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là láti kọ́ ilé kọ̀ǹpútà tirẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2015 ó ní òun ń padà. Nígbà tí Pokémon GO jáde ní oṣù Keje ọdún 2016, èrò tó ya bò ó tó ìlọ́po àádọ́ta iye tí wọ́n retí. Kíláòdù Google ló gbé e dúró, kò sì sí iye kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè rà sínú yàrá tí ì bá lè gbà wọ́n. Ti Sony ni mo máa ń rántí jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, olè wọ inú àkójọ àwọn tó ń lo PlayStation, àkáǹtì mílíọ̀nù 77 ló kàn, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé kíláòdù nìkan tó láti lé olè. Zynga kan náà, ní ọdún 2019, àkáǹtì tó lé ní mílíọ̀nù 170 ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè. Ilé tó dára kò ní kí onílé má ti ilẹ̀kùn.

Gúúsù Áfíríkà ni a yàn láti kó tiwa lọ, nítorí irú àwọn ilé ńlá bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ní Áfíríkà tiwa: Microsoft ṣí tirẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2019, Amazon ní 2020, Google sì tẹ̀ lé wọn ní 2024. Ó tún ní ohun tí òfin wí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, fi lélẹ̀ pé bí a bá fẹ́ kó dátà ènìyàn jáde kúrò nílẹ̀ yìí, ààbò tó péye gbọ́dọ̀ wà níbi tó ń lọ, tàbí kí a ní ìdí mìíràn tí òfin gbà, irú bí ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ín. Ó sì ń béèrè ìyọ̀ǹda òbí bí ó bá kan ọmọdé. A fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ máa ka irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tẹ “mo gbà”. Èmi rí bí ó ṣe ń yá tó kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo èyí kò le. Orúkọ ló le.

Géèmù wa ní kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹ̀gbọ́n ló fi í lélẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ ta ayò ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ bọ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ètò àkọ́kọ́, tí ó ti lọ sí ibòmíràn kí n tó dé, jẹ́ kí àkójọ náà lo ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tí MySQL 5.7 máa ń lò bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Latin1 ni wọ́n ń pè é, èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n sì ṣe é fún. Nínú latin1, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn báìtì tó para pọ̀ di lẹ́tà wa ń wọlé síbẹ̀ láìjẹ́ pé ètò náà mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó ń tò wọ́n sílẹ̀ bí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń dá wọn padà bí ó ṣe gbà wọ́n. Lójú fóònù, orúkọ ń jáde dáadáa. Nínú àpótí, kàǹtíkàǹtí ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye hàn yín. Lẹ́tà o tí kò ní àmì gba àyè kan ṣoṣo. Ọ̀ gba àyè márùn-ún: mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì ohùn orí rẹ̀. Ogún àyè ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún orúkọ. Ó tó fún Elizabeth, ó tó fún Christopher, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ọlọ́runṣẹ́gun ní lẹ́tà mọ́kànlá lójú èmi àti ẹ̀yin. Nínú àpótí, àyè mẹ́tàlélógún ni ó gbà. Ètò náà gé e ní ogún. G, u àti n ló bọ́ sílẹ̀, ohun tó kù ni Ọlọ́runṣẹ́. Ogun ti kúrò nínú rẹ̀, ṣíṣẹ́ nìkan ló kù.

Ọmọkùnrin tó ni orúkọ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọyẹ́, ti fi orúkọ gígé náà ta ayò fún ọdún kan ààbọ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi pè wá. Ó ní òun rò pé bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe orúkọ Yorùbá nìyẹn.

Kí ló máa fà á tí kò fi ní í rò bẹ́ẹ̀? Ìwé ìrìnnà rẹ̀, káàdì báńkì rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìdánwò rẹ̀, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ fi àmì wọ̀. Àwọn àgbà jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí. Gbogbo làálàá yẹn ti wáyé, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù kan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lè kọ̀ láti gbà á, ẹni tó ni orúkọ yóò sì rò pé orúkọ òun ló ní àléébù.

Mo rò pé bí a bá ti kó o sínú dátábéèsì tuntun, ìṣòro náà tán nìyẹn, nítorí láti ẹ̀yà 8 tó jáde ní ọdún 2018, MySQL ń lo ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tó gba gbogbo lẹ́tà ayé, tiwa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin ìfiwéra tó bá a wá kì í ka àmì sí. Bí ó bá ń wò bóyá orúkọ méjì jẹ́ ọ̀kan náà, ó máa ń gbójú kúrò lára àmì ohùn, ó sì máa ń gbójú kúrò lára àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ Faransé láì tẹ àmì, ìrànlọ́wọ́ ni. Fún wa, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A ṣáà lè sọ èyí padà sí bí a ṣe fẹ́, bí a bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Alágbàsìn kò lè mọ̀ ọ́n fún wa.

Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà àkójọ náà wọlé láti fi dán an wò, ó dúró lójú ọ̀nà. Ó ní orúkọ kan ti wà tẹ́lẹ̀. Mo wo orúkọ tó ń ṣàròyé lé lórí. Ẹnìkan ń jẹ́ Ayọ̀. Ẹnìkan ń jẹ́ Ayò. Ẹnìkan sì wà tó kọ tirẹ̀ ní Ayo láìsí àmì kankan. Ènìyàn mẹ́ta, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, àpò owó mẹ́ta. Dátábéèsì tuntun ní ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n. Mo wá irú wọn jọ jákèjádò àkójọ, wọ́n sì pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní kí a mú èyí tó rọrùn. “Ẹ bọ́ àmì kúrò lára gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ìdí àwọn tó bá jọra. Ayo1, Ayo2, Ayo3. Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan ni.”

Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn èdè wa; àwọn náà ló ṣáà fi kíbọ́ọ̀dù sí i. Jìbìtì ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí a bá gbà pé Ayọ̀ àti Ayọ́ jẹ́ ẹni méjì, olè kan lè fi àmì ohùn kan péré para dà di ẹlòmíràn, kí ó máa tọrọ ẹyọ owó lọ́wọ́ àwọn tó mọ ẹni náà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì gbà á. Ohun tí n kò gbà ni pé ẹni tó ni orúkọ ni yóò san gbèsè náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe àwọn tó ni orúkọ.”

“Ọ̀sẹ̀ méjì? Owó epo ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́?”

“Ẹ yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò yọ ọ́.

Ẹni tó ń jẹ́ Ayò ni mo kọ́kọ́ pè. Bàbá kan ní Ìdó ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, a fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gbà kí á fi nǹkan kún orúkọ yín nínú eré, nítorí pé Ayọ̀ kan ti wà níbẹ̀.”

“Ta ní ń jẹ́ Ayọ̀?” ni wọ́n dáhùn. “Ọmọ mi, n kì í ṣe Ayọ̀. Ayò ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, nítorí pé n kì í kúrò nídìí ọpọ́n. Bí ẹ bá kọ Ayọ̀ síbẹ̀, ẹ ti fi orúkọ ẹlòmíràn pè mí nìyẹn.”

“Kọ̀ǹpútà ni kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, sà.”

“Ṣé ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n ni?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kò burú nígbà náà, kí n lọ sọ fún un.

Ẹni tó ń jẹ́ Ayọ̀, ọmọbìnrin tó ń kàwé ní Ọyẹ́, kò gbà kí á fi ohunkóhun kún tirẹ̀, ó sì ní kí n bá òun kí bàbá náà, nítorí wọ́n ti pàdé lójú ọpọ́n rí, bàbá sì ti jẹ ẹ́ tán. Ẹni kẹta, tí kò fi àmì sí tirẹ̀, ní kí a fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ayọ̀délé ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó ní láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, òun kò fi àmì sí i rí, kò sì sí ẹni tó ní kí òun fi sí i. N kò jà fún un pé kí ó fi sí i. Orúkọ rẹ̀ ni.

Ọ̀nà tí a gbà níkẹyìn kò ṣòro láti sọ. A yan òfin ìfiwéra tó ń ka àmì sí, kí Ayọ̀, Ayò àti Ayo lè máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A kò jẹ́ kí orúkọ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Nọ́ńbà fóònù ni ènìyàn fi ń wọlé, olúkúlùkù sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ń hàn lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ fi ẹyọ owó ta ènìyàn lọ́rẹ lè rí i pé ẹni tí òun mọ̀ ni. Nítorí jìbìtì tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù ni èyí. Bí ènìyàn bá sì ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò tẹ àmì, ètò yóò kó gbogbo wọn jáde kí ó yàn. Àyè orúkọ kúrò ní ogún, ó di ọgọ́ta.

Iṣẹ́ kan tún wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí. Àwọn tó ń ṣètò lẹ́tà ayé nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn Unicode, fún ọ ní ipò kan, wọ́n sì fún àmì ohùn ní ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ lápapọ̀ kò ní ipò kankan. Ṣe ni à ń gbé àmì lé ọ lórí. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ́kọ́ tẹ o, kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí ó tó fi ohùn sí i. Òmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ò, kí ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, wọn kò yàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ tó ń ka báìtì, wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà mo kọ ètò kékeré kan tó ń to gbogbo orúkọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo kí wọ́n tó wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ láé pé mo ṣe é, àfi ẹ̀yin tí mo sọ fún yìí.

Òru ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní ọdún 2024 ni a kó àkójọ náà lọ. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa ti sán. A ti kéde pé eré yóò wà ní títì láti ọ̀gànjọ́ òru di ìdájí. Mo ka iye orúkọ lápá ìhín, mo kà á lápá ọ̀hún. Mo ro àpapọ̀ ẹyọ owó lápá méjèèjì. Mo wá fa orúkọ ọgọ́rùn-ún jáde láìyàn, èmi àti àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa sì kà wọ́n sókè fún ara wa, ohùn pẹ̀lú ohùn, bí ìgbà tí olùkọ́ ń pe orúkọ ní kíláàsì. Aago márùn-ún kò tíì lù tí a fi ṣí eré padà. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni bàbá Ìdó. N kò mọ̀ bóyá wọn kì í sùn ni.

Láti ìgbà náà, fóònù mi kì í dún lóru mọ́ nítorí iná. Èyí kò sọ pé gbogbo nǹkan ti dára. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já ní ìtòsí Abidjan, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan gógó, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kàn. Àkójọ wa wà lódindi ní Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìkọ̀lé kò lè débẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, ìyẹn kì bá tí kàn án tó bẹ́ẹ̀. Owó náà tún wà níbẹ̀: dọ́là ni alágbàsìn wa ń gbà. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti kọjá ₦1,400 nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 2024 fi parí, lọ́wọ́ ìjọba pàápàá. Ohun tí a rò pé a ó fi rọ́pò owó epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó epo fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kíláòdù wọ́n tàbí pé kò wọ́n, ẹ bi í pé owó ìlú wo ni ó fi ń ṣírò.

Bọ̀dá tó ń bá wa mójú tó jẹnẹrétọ̀ kò dùn sí i, n kò sì lè sọ pé ó jẹ̀bi. Owó tí à ń san fún wọn ní Ìkọ̀lé, tí wọ́n ń fi ra iṣu àti ẹran ní Ìkọ̀lé, ti gba ọ̀nà jíjìn lọ. Wọ́n ti ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù so sólà báyìí, wọ́n sì ṣì ń wá wo ìnfátà ọ́fíìsì wa lóṣooṣù. Bí wọ́n bá dé, wọn a wo ibi tí kọ̀ǹpútà náà wà tẹ́lẹ̀, wọn a ní, “Ẹ ṣáà tún fi àga síbẹ̀.”

Àwọn orúkọ kan wà tí kò ṣeé tún ṣe. Áàpù wa ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní àṣà kan: lẹ́tà tí kò bá sí nínú latin1, àmì ìbéèrè ni ó fi ń dípò rẹ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́. Kò sí ẹ̀dà kankan níbikíbi tí lẹ́tà gidi wà. A ti kọ̀wé sí gbogbo wọn, púpọ̀ ti fèsì, mo sì ń tún tiwọn kọ bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́. Ó ku díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni “?lá”. Ẹni náà ní ẹyọ owó púpọ̀, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti ta ayò gbẹ̀yìn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Ọlá, ṣùgbọ́n n kò ní í méfò. Mo ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé.